Láti Orí Ẹ̀fúùfù, À Ń Rí Òdìkejì

1

…tí o bá sì ti gun òkúta tó gbẹ̀yìn tán, tí àyà ẹ ń lù bí ẹni pé ó fẹ́ já, adágún á kàn ṣí sílẹ̀ lójú ẹ. Kò sí ìkìlọ̀. Igi, igi, òkúta, igi. Lẹ́yìn náà, omi.

Ẹ̀gbọ́n mi kì í dúró níbẹ̀.

Èmi ni mo máa ń dúró. Kí n tó gbójú kúrò lára omi, ó ti lọ, màá wá máa sáré lé e.

2
ÌDÍ TÍ MO FI Ń PÈ É NÍ "Ó"

Nílé, "ẹ" ni mo ń pè é. Ìyá wa ò gbà kí àbúrò máa pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "o", ì báà jẹ́ pé eyín ẹ̀gbọ́n náà ò tíì pé lẹ́nu nígbà tí wọ́n bí àbúrò.

Lórí òkè, "o" ni. Èémí ò tó tí èèyàn á máa fi bọ̀wọ̀ fúnni. "Yà!" "Rọra!" "Má tẹ gbòǹgbò yẹn!" Tá a bá ti sọ̀ kalẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé, mo ti tún di àbúrò.

Nínú ohun tí mò ń tò jọ yìí, orí òkè la wà.

3

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ASÁRÉ

*Ọ̀nà ìdíje bẹ̀rẹ̀ ní ìdí ọgbà igi. Ó gba inú igbó dé Àkàbà, ó gba Àkàbà dé Orí Ẹ̀fúùfù, ó yí ẹ̀yìn òkè po, ó sì parí sí pápá ilé-ìwé.*

*Òkúta tí a kùn ní funfun ni kí ẹ máa tẹ̀ lé.*

*Ní Àkàbà, ẹ fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gùn ún. Ẹ má gbára lé okùn nìkan.*

*Ní Orí Ẹ̀fúùfù, ẹ má dúró. Atẹ́gùn ibẹ̀ ti gbé fìlà, ó ti gbé bàtà, ó sì ti gbìyànjú láti gbé olùtọ́jú ọ̀nà.*

*Ẹni tó bá yà kúrò lọ́nà kò sí nínú ìdíje mọ́.*

4

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ló kọ ti fìlà yẹn. Àwọn ni olùtọ́jú ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n ń wà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, wọ́n wá ní ìjókòó ti tó, ó kù kí àwọn máa rìn. Àwọn ló ń kun òkúta, àwọn ló ń gé ẹ̀gún lọ́nà, àwọn náà ló kọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ní eré orí òkè nígbà tó jẹ́ pé bàtà ilé-ìwé la ṣì fi ń sá a.

Wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Àgbọ̀nrín.

Wọ́n sọ èmi ní Mò-ń-bọ̀, torí ohun tí mo máa ń pariwo láti ẹ̀yìn nìyẹn.

5
IBI IṢẸ́ MI

Abẹ́ ilé ìtura ńlá tó kọjú sí adágún. Àwọn àlejò ló ń rí adágún. Àwa alágbàfọ̀, aṣọ tí wọ́n sùn lé là ń rí. Ooru áyọ́ọ̀nù, òórùn ọṣẹ, ẹ̀rọ mẹ́rin tó ń kùn bí àgbàlagbà tó ń ṣàròyé. Fèrèsé kan ló wà níbẹ̀, ó ga, ó sì fún, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá lójú títì nìkan ló ń hàn. Bàtà gogoro. Bàtà ọmọdé. Ẹsẹ̀ ajá.

Mo máa ń wo gìgísẹ̀.

Gbogbo ìgbà tí mo fi sáré tẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ ni mò ń wò. Mo mọ gìgísẹ̀ rẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Èyí ọ̀tún ní àpá. Èyí òsì máa ń yí síta díẹ̀ tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá gba ojú fèrèsé yẹn kọjá, màá mọ̀ ọ́n kí ẹ̀rọ tó yí po lẹ́ẹ̀kan.

6

Nọ́ọ̀sì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí. Ọsibítù òdìkejì adágún ń wá nọ́ọ̀sì. Ọkọ̀ ojú omi ń ti ọ̀hún bọ̀ láàárọ̀, ó ń padà nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Kí ló le níbẹ̀? Omi lásán ló wà láàárín. Màá máa wá lópin ọ̀sẹ̀."

Ó sì ń wá lóòótọ́.

Àfìgbà tí ìjọba tibí àti ìjọba tọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́ lórí ẹni tó ni omi.

7

ÌKÉDE
(lára fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì, ní èbúté)

*Ọkọ̀ kò ní lọ, kò sì ní bọ̀, títí a ó fi tún kéde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìbínú lu fèrèsé.*

8

Ẹnì kan fi ìbínú lu fèrèsé náà. Ó sán. Kì í ṣe èmi.

9

Ìyá wa ni.

10
LÓRÍ FÓÒNÙ

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ sùn dáadáa?

ÀGBỌ̀NRÍN: Ta ló sùn? Ibi iṣẹ́ ni ilẹ̀ mọ́ mi sí. Màmá ńkọ́?

ÈMI: Wọ́n wà. Wọ́n ní ẹ ò pè.

ÀGBỌ̀NRÍN: Mo pè. Wọn ò gbé e.

ÈMI: Wọ́n ní fóònù kì í ṣe èèyàn.

ÀGBỌ̀NRÍN: Ẹ̀rín ń pa mí.

ÀGBỌ̀NRÍN: Ẹkún náà sì ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀rín.

11
ÌYÁ WA, LẸ́NU ARA WỌN
(mo ń ká aṣọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀)

Kí lo fẹ́ kí n sọ fún irin? Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tí mo bá ní "Ṣé o ń jẹun?", á ní "Mò ń jẹun, Màmá." Ta ló máa bá mi wo ọrùn rẹ̀ níbi tó ti ń sọ ọ́? Ọrùn ni mo fi ń mọ̀. Ọmọ tí mo bí, tó bá ti rù báyìí, eegun ibí yìí á yọ gọngọ bí ìkọ́ aṣọ.

O tún ń bi mí bóyá àárò rẹ̀ ń sọ mí. Àárò kankan ò sọ mí. Mo kàn ṣì ń se oúnjẹ ẹni mẹ́ta. Ọwọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

12
OHÙN TÓ FI RÁNṢẸ́
(mo kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ)

"…nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí náà… Àbúrò mi, ojú fèrèsé wọ́ọ̀dù ni mo wà. Òkè wa hàn lónìí. Láti ibí, kò tó nǹkan kan. Ó dà bí aṣọ dúdú tí wọ́n jù sórí àga. Mo na ìka sókè, ìka kan bò ó mọ́lẹ̀. Gbogbo làálàá wa o! Àkàbà, gbòǹgbò, orókún ẹ tó máa ń bó. Ìka kan péré. (*Ẹnì kan pè: Nọ́ọ̀sì!*) Mò ń bọ̀! Ẹ̀mí mi, jẹ́ kí n lọ. Màá pè ẹ́ tí mo bá délé."

13

"Délé." Ilé wo?

14
NÍ ÌDÍ ÀKÀBÀ, LẸ́YÌN ÒJÒ

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Kí ló dé tó o fi ń wo ilẹ̀?

ÈMI: Kí n má baà ṣubú ni, sà.

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Irọ́ ni. Ẹsẹ̀ èèyàn lò ń wá. Kò sẹ́ni níwájú ẹ mọ́. Ìwọ gan-an ni iwájú.

ÈMI: Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe iwájú, sà.

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Ẹni tó wà níwájú náà ò mọ̀ ọ́n. Ó kàn ń sá ni.

ÈMI: Ṣé ẹ rò pé mo lè gba ife lọ́dún yìí?

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Mo wa bọ́ọ̀sì pẹ́. Mo mọ ẹni tó ń lọ síbi tó fẹ́ lọ, mo mọ ẹni tó kàn wọkọ̀. Ọdún yìí, o ò wọkọ̀ lásán. (*Wọ́n sín.*) Gùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Òkúta tútù ló ń kọ́ ẹsẹ̀ lọ́gbọ́n.

15

ÌKÉDE
(ní èbúté)

*Ọkọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láti ọjọ́ Sátidé. Yóò kúrò ní òdìkejì láàárọ̀, yóò gúnlẹ̀ síbí kó tó di ọ̀sán, yóò sì padà ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú ìwé ìrìnnà yín lọ́wọ́. A ti pààrọ̀ fèrèsé.*

16

Sátidé ni ìdíje.

17
LÓRÍ FÓÒNÙ

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi!!! Ọkọ̀!!!

ÀGBỌ̀NRÍN: Mo rí i. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibí náà.

ÈMI: Ọjọ́ ìdíje gan-an ni! A óò ṣì máa sá a lọ́wọ́ nígbà tẹ́ ẹ bá gúnlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yára, ẹ máa dé pápá kí n tó parí.

(*Ó ti kà á.*)

ÈMI: Ẹ̀gbọ́n mi?

ÀGBỌ̀NRÍN: Jẹ́ ká wò ó.

ÈMI: Ká wo kí ni?

ÀGBỌ̀NRÍN: Iṣẹ́. Àti àwọn nǹkan mìíràn.

ÈMI: Nǹkan mìíràn bíi kí ni?

ÀGBỌ̀NRÍN: Tá a bá fojú rinjú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù.

ÈMI: Ṣé wàá wá?

(*Mo fẹ́ pa á rẹ́ kí n kọ "ẹ ó wá". Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.*)

18

Nígbà tí ọkọ̀ ò sí, ọkọ̀ là ń bú. Ní báyìí, ta la fẹ́ bú?

19
NÍ ILÉ ÌDÁNÁ

ÌYÁ WA: Mi ò lọ sí èbúté kankan o.

ÈMI: Mi ò ní kí ẹ lọ, Màmá.

ÌYÁ WA: Ẹni tó bá ń bọ̀ wálé mọ ọ̀nà ilé.

ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.

ÌYÁ WA: Tí mo bá lọ dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, tí kò wá sọ̀ kalẹ̀, kí ni kí n fi ojú mi ṣe lójú gbogbo ayé?

(*Mo ń gé àlùbọ́sà, ó ràn mí lọ́wọ́.*)

ÌYÁ WA: Ìwọ náà, wo ara ẹ. Ìdíje lò ń lọ ni, tàbí èbúté?

ÈMI: Ìdíje ni.

ÌYÁ WA: Wò mí lójú kó o tún un sọ.

20

Mo yọ eléyìí kúrò. Àdúrà ni.

21

Sátidé. Fèrè dún. A bọ́ sínú igbó.

Ilẹ̀ rọ̀. Ewé ń gbá mi létí. Èémí tara mi ni mò ń gbọ́, àti ti Oníbọ̀sẹ̀-pupa lẹ́yìn mi, obìnrin kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ kì, kì, kì, bí ẹni ń kan ìṣó. Àwọn yòókù ti jìnnà.

Gbòǹgbò. Gbòǹgbò. Odò kékeré. Bàtà mu omi yó.

Ara mi dá. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé: ara mi dá, ẹsẹ̀ mi fúyẹ́, inú mi dùn. Fún ìgbà díẹ̀, mi ò ro ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi rárá.

22

Àkàbà. Kì í ṣe àkàbà gidi. Òkúta tó dúró ṣánṣán ni, bí ògiri ilé, okùn kan so kọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

ọwọ́

&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;ẹsẹ̀

&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;ọwọ́

&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;ẹsẹ̀

&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;má wo ìsàlẹ̀

&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;ọwọ́

&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;&nbsp;ẹsẹ̀ yọ̀

ọwọ́ ọwọ́ ọwọ́

23

Orí Ẹ̀fúùfù.

Adágún tẹ́ rẹrẹ, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìdí áyọ́ọ̀nù tó ti tutù. Ìkùukùu ń ká kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlú òdìkejì funfun léteetí omi. Nǹkan kékeré kan wà láàárín, ó ń fa ìlà funfun lẹ́yìn.

Ọkọ̀.

Mo dúró.

Tí mo bá yà sọ́tùn-ún báyìí, ẹ̀yìn òkè ni gbogbo ohun tó kù. Ẹ̀yìn òkè ò rí omi. Ọkọ̀ á gúnlẹ̀, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀, tàbí wọn ò ní sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní mọ̀.

24
ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ ÀTI ÈMI, NÍBI TÍ Ọ̀NÀ TI PÍN

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Má dúró! Ìwọ ló ń ṣíwájú! Sá!

ÈMI: Sà, ọkọ̀ nìyẹn.

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Mo rí ọkọ̀. Oníbọ̀sẹ̀-pupa ti wà lórí Àkàbà. Yà sọ́tùn-ún!

ÈMI: Ṣé ó wà nínú rẹ̀?

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Àṣá ló bí mi ni? Báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i láti ibí?

ÈMI: Kò dúró níbí rí. Kò wo omi yìí lẹ́ẹ̀kan rí. Ó ṣe wá jẹ́ pé òun ló lọ?

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Ta ló ní kò dúró rí?

ÈMI: Ẹ̀yìn rẹ̀ kọ́ ni mo wà?

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Ọjọ́ tó o bá wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í dúró. Ọjọ́ tó bá dá wá, orí òkúta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ yẹn ló ń jókòó sí títí oòrùn á fi rọ̀. Ọ̀hún ló máa ń wò. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló sọ nù síbẹ̀. Ó ní, "Sà, ẹ má sọ fún Mò-ń-bọ̀."

(*Atẹ́gùn.*)

ÈMI: Kí ni kẹ́ ẹ má sọ fún mi?

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Ìyẹn gan-an ni kò sọ.

(*Oníbọ̀sẹ̀-pupa gòkè dé. Ó bá mi sọ nǹkan kan. Mo ní kó máa lọ. Ó lọ.*)

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Ọmọ mi. Apá ọ̀tún ni ìdíje. O ṣì lè bá a. Lórí ìsọ̀kalẹ̀, kò lè sá tó ẹ, mo ti wo orókún rẹ̀. Apá òsì, ọ̀nà ewúrẹ́ ni, ó já sí èbúté. Ẹni tó bá gba ibẹ̀, mo gbọ́dọ̀ fagi lé nọ́ńbà rẹ̀. Èmi ni mo kọ òfin yẹn.

ÈMI: Mo mọ̀, sà.

ẸSẸ̀-Ò-GBÉLÉ: Okùn bàtà mi ti tú. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí n so ó. Tí mo bá gbórí sókè, kí n má bá ẹ níbí, apá yòówù kó o gbà.

25

Okùn bàtà wọn ò tú.

26
ONÍBỌ̀SẸ̀-PUPA, LẸ́YÌN ÌDÍJE

Mo ti rò pé ó ti já mi sílẹ̀. Bó ṣe gun òkúta yẹn, ẹ̀rù bà mí. Àfi bí mo ṣe dé òkè tí mo bá a lórí ìdúró, ó kọjú sí omi, omijé tàbí òógùn wà lójú rẹ̀, atẹ́gùn ò jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Arábìnrin, ṣé kò sí nǹkan?" Ó ní, "Máa lọ." Mo lọ. Ṣebí ìdíje ni mo bá wá. Ṣùgbọ́n mo bojú wẹ̀yìn, èmi tí kì í bojú wẹ̀yìn.

Wọ́n gbé ife fún mi. Mo gbà á. Mo ṣì ń wá ẹni tó máa sọ ohun tó ń wò fún mi.

27

ÈSÌ ÌDÍJE, ÀWỌN OBÌNRIN

*Ẹni tó sọnù: kò sí.*

*Ẹni tó farapa: orókún àti ìgúnpá, gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa.*

*Ẹni tí kò parí: alágbàfọ̀ kan. Ìdí: ó gba ọ̀nà mìíràn.*

28
Ọ̀NÀ EWÚRẸ́

Kò sí òkúta funfun níbẹ̀. Iyanrìn, ẹ̀gún, ibi tí ilẹ̀ ti já. Mo ń ju ara mi sísàlẹ̀. Adágún ń yọ láàárín igi, á tún sá pamọ́, á tún yọ, ìgbàkigbà tó bá yọ, ọkọ̀ ti sún mọ́ etí omi sí i.

Tí ó bá wà níbẹ̀, màá bínú sí i.

Tí kò bá sí níbẹ̀, màá bínú sí i.

Tí ó bá wà níbẹ̀, tó wá ní àpò kékeré kan lọ́wọ́, àpò ẹni tó ń padà nírọ̀lẹ́

(*Mo ṣubú níbí. Mo dìde.*)

Tí mo bá rí i kó tó múra ojú tó fẹ́ fi rí mi, màá mọ̀. Ìdí tí mo fi ń sá nìyẹn. Kì í ṣe kí n lè kí i káàbọ̀. Kí n lè rí i kó tó rí mi ni.

29
ÈBÚTÉ

Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀. Wọ́n ti so ó mọ́ òpó. Èrò pọ̀ létí okùn tí wọ́n fi dí ọ̀nà, gbogbo wọn ń na ọrùn. Mo ń ti èèyàn, mò ń bẹ̀bẹ̀, ẹrẹ̀ kún ara mi, nọ́ńbà ìdíje ṣì wà láyà mi, èèyàn ń yà fún mi bí ẹni ń yà fún wèrè.

Níwájú pátá, obìnrin kan dúró. Ó wọ bàtà tí wọn kì í wọ̀ lọ sí ibi kankan. Ìyá wa.

"Màmá."

Wọn ò yíjú. "Ṣebí ìdíje lo lọ."

"Ṣebí ẹ ní ẹ ò ní wá."

"Búrẹ́dì ni mo wá rà."

Kò sí ẹni tó ń ta búrẹ́dì ní èbúté.

Wọ́n wo orókún mi. Wọ́n yọ ìborùn wọn, wọ́n dì í mọ́ ọn láìbi mí léèrè, wọ́n sì di ọrùn ọwọ́ mi mú.

Àwọn èèyàn ń sọ̀ kalẹ̀. Ọkùnrin kan tó gbé àpótí lórí. Tọkọtaya kan tó ń jà lábẹ́lẹ̀. Arúgbó kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ bí ẹyin. Ẹnì kan lẹ́yìn wa ké, "Òun nìyẹn! Òun nìyẹn!", ó sì sáré gba abẹ́ okùn kọjá, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ìgbàkigbà tí orí obìnrin bá yọ lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ọwọ́ Ìyá wa á fún mi mọ́lẹ̀. Á tún dẹ̀.

Á tún fún.

Á tún dẹ̀.

Èrò ń dín kù. Àwọn tó rí ẹni tiwọn ti ń lọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ẹ má tíì ká okùn," ni ọkùnrin onítíkẹ́ẹ̀tì ké. "Èèyàn ṣì wà nínú rẹ̀."

Ọwọ́ Ìyá wa fún mi mọ́lẹ̀. "Èyí ńkọ́?"

"Èwo?"

"Èyí tó dúró sínú òjìji ilẹ̀kùn yẹn. Tí kò sọ̀ kalẹ̀."

Oòrùn wà lójú mi. Obìnrin ni lóòótọ́. Ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára irin, mi ò rí èkejì, mi ò mọ̀ bóyá ó gbé nǹkan. Kò wo ọ̀dọ̀ wa. Ó gbójú sókè, bí ẹni pé ó ń wá ẹnì kan lórí òkè.

"Pè é," ni Ìyá wa wí.

Mo la ẹnu. Kò sí èémí nínú mi rárá.

"Mí ná," wọ́n ní. Wọn ò fi ọrùn ọwọ́ mi sílẹ̀. "Mí ná, ọmọ mi. Ọkọ̀ ò tíì yí padà."